Ìkúnlẹ̀ Àǹtí Fúnmi

Àpátápítì,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ooru tó ń mú wa yìí. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín kò tún ti dáṣẹ́ sílẹ̀? Ẹ bá wa kí Ìyá Oríọlá ní yàrá iwájú. Èmi àti Àǹtí Fúnmi wà ní àlàáfíà, a sì ń jẹun.

Bọ̀dá Gàníyù tó ń wa mọ́tò Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ẹ má bínú pé n kò pè yín. Tí mo bá gbé fóònù, "ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú iṣẹ́ mà" nìkan ló máa ń jáde lẹ́nu mi, n ó sì pa fóònù láìsọ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Ẹ̀yin náà sì ti sọ pé gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù yín ló ń gbọ́ ohùn ẹni tó pè yín.

Àǹtí Fúnmi ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì Ìjọ́kà. Ọkàn yín kò balẹ̀ nígbà tí mo ní kí ẹ jẹ́ kí ó wá bá mi gbé, kí ó sì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò bá rí i. Ìyáàfin Adéwùmí tó ni ibẹ̀ kò mú un bí ẹni tí wọ́n ń ṣàánú. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí ọpọlọ wọn ń rọra gba nǹkan láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, bíi ti Àǹtí Fúnmi, iṣẹ́ gidi ni wọ́n sì ń ṣe. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lè sún mọ́ ààrò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé ló ń kọ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé, ó sì ní kí ẹbí kan máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ohun tí wọ́n kó jọ níbẹ̀ má bàa tú ká nílé. Èmi ni mo ń bá Àǹtí Fúnmi lọ.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa ṣe é títí ara wọn á fi mọ̀ ọ́n. Ó kun ìlà pupa síwájú ààrò. Ẹni tí kò wọ ìbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá gbé páànù gbígbóná gbọ́dọ̀ pariwo "Ó gbóná!" bó ṣe ń bọ̀, gbogbo ẹni tó bá wà lọ́nà á sì yẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ Ìyáàfin Adéwùmí fúnra rẹ̀. Ariwo yẹn dùn mọ́ Àǹtí Fúnmi jù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé sá lọ. Ní alẹ́, ó gbé ẹ̀bà wọlé, ó ní "Ó gbóná!", mo sì fò sórí bẹ́ẹ̀dì.

Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń yí po láti òkè. Ní Sátidé tó kọjá, ìyá ọkọ Ìyáàfin Adéwùmí wọlé nígbà tí Àǹtí Fúnmi ń fi páànù tútù kọ́ iṣẹ́. Bó ṣe rí wọn báyìí, ó kúnlẹ̀. Orí ìlà pupa yẹn gan-an ló kúnlẹ̀ sí, ó kẹ̀yìn sí ààrò, páànù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé bi mí bóyá gbogbo ìgbà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá ti rí àgbà. Tèmilọlá, tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, tó bá mi lọ láti ràn wọ́n lọ́wọ́, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀, ṣé ààfin ni wọ́n ti tọ́ yín ni?" Kò ní ìkà nínú. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, n kò sì mọ ẹni tí ojú ń tì mí fún, bóyá Àǹtí Fúnmi ni tàbí èmi alára.

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé ní bí páànù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀,
Ìmọ́lẹ̀ayọ̀.

*

Òdòjọ̀mu,
Oǹdó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Gàníyù ní kí n sọ fún ọ pé òun kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín. Ẹ̀yìn mi wà bó ṣe wà. Inú mi dùn pé ẹ ń jẹun. Ṣé o ń kàwé? Ohun tó gbé ọ lọ sí Àkúrẹ́ nìyẹn o.

Mo ka ibi ìkúnlẹ̀ yẹn, mo ká lẹ́tà náà, mo lọ rán aṣọ, mo tún padà wá kà á.

O kò tíì dé ayé nígbà tí mo ń kọ́ Ọlọ́runfúnmi, ẹ̀gbọ́n rẹ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ilé ìwé, òun kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀. Bí àlejò bá wá sí ilé bàbá yín, wọ́n á kó àwọn ọmọ jáde kí wọ́n wá kí i, wọ́n á ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀." Ìyẹn! Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àpótí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lẹ́yìn ilé láràárọ̀. N ó jáde, n ó wọlé bí àlejò, n ó fi ọwọ́ mi tẹ orúnkún rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣe é títí tí mo fi ń lá a lálàá. Ọjọ́ tó kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ìyá àgbà kan níbi ìkómọ, ìyá náà yọ ẹran inú àwo wọn fún un. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó pè é ní "ìyẹn" mọ́. Kódà wọ́n ń fi í bá àwọn ọmọ tiwọn wí.

Ìwọ gba ìwé ẹ̀rí. Òun gba ìkúnlẹ̀. O wá kọ̀wé sí mi pé ojú ń tì ọ́ níwájú ọmọ yunifásítì kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ mi dúró gbagidi kó máa wo àgbà lójú, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ wọn bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣe é níbẹ̀. Kí n má ṣáà rí i.

Mo fi gàrí àti ẹja gbígbẹ rán Gàníyù. Ìkòkò ìpara inú ọ̀rá dúdú, ti Fúnmi ni, má bá a lò ó. Sọ fún un pé mo ní kó má pariwo sí ènìyàn létí. Lọ́jọ́ kan, n ó wá fi ojú ara mi rí ibi iṣẹ́ náà.

Èmi ni ìyá rẹ.

*

Àpátápítì,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àdúrótì. A rí gàrí àti ẹja gbà, a dúpẹ́. Àǹtí Fúnmi ti fi ìpara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, nítorí náà ọkàn yín lè balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ó sì yẹ kó dùn mí. N kò mọ ìtàn yẹn. N kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí wọ́n ń pè é ní "ìyẹn". Mo ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ lára.

Síbẹ̀, inú yín á dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tàbí kí n ní kò ní bà yín nínú jẹ́. A ti ṣe ìdánrawò náà. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé ní kí ẹnìkan ṣe bí àgbà tó wọlé nígbà tí Àǹtí Fúnmi bá ń gbé páànù bọ̀. Èmi ni wọ́n yàn. Mo ró ìró, mo wé gèlè, mo tẹ̀ síwájú bí ìyá ìjọ tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí Fúnmi ń bọ̀ pẹ̀lú páànù tútù, ó pariwo, "Ó gbóná!" Mo dúró sí ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò rí mi ni?" Ó dúró, kò kúnlẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ ni." Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Tèmilọlá pàtẹ́wọ́. A tún un ṣe títí, kò kúnlẹ̀ rárá. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé ní ó ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti gbà á láyè kó máa gbé páànù láti ẹnu ààrò.

Kò ṣíwọ́ ìkúnlẹ̀ níbòmíràn o. Ní Ọjà Ọba lánàá, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó ta tòmátì fún wa, ẹni náà sì fún wa ní ènì.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Tí ẹ bá fẹ́ wá wo ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ṣáájú, kí n lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọmọ yín,
Ìmọ́lẹ̀ayọ̀.

*

Àpátápítì,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Igbe, 2025.

Màmá,

Ẹ kú ilé. Báwo ni apá Àǹtí Fúnmi? Báwo ni itan rẹ̀? Ṣé wọ́n ń pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀ dáadáa ní Oǹdó? Mo pè yín, ẹ kò gbé e. Mo tún pè, Ìyá Oríọlá ló gbé e, wọ́n ní ẹ ń sùn.

Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo wà ní ọjọ́ Wẹ́sidé tí ẹ wá. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wa lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo fi dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti wẹ ojú egbò iná náà, ẹ sì ti gbé e lọ sí gáréèjì. Bọ̀dá Gàníyù ló sọ fún mi pé ọkọ̀ òun lẹ wọ̀ lọ sí Oǹdó.

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé wà ní ilé búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe mí bíi kó má sọ ọ́. Ó ní ẹ wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn, ẹ wọ àǹkárá tuntun, kò sì sí ẹni tó mọ̀ yín. Àǹtí Fúnmi ń gbé páànù bọ̀ láti ẹnu ààrò. Ó pariwo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹ kò yẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ ọ́ sí yín pé ẹni tó bá wà lọ́nà gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ó dúró. Ó dúró, Màmá! Ó dì í mú, ó ń retí kí ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ wá sọ níwájú gbogbo wọn pé, "Ọlọ́runfúnmi, èmi lò ń pariwo mọ́ báyìí? Ṣé o ò mọ ìyá rẹ mọ́ ni?"

Ó kúnlẹ̀ fún yín. Páànù náà dà lé e lórí itan, ó sì fi apá gbá a mú kí búrẹ́dì má bàa kan ilẹ̀.

Mo bínú sí yín. Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo fẹ́ pa á rẹ́, mo sì fi í sílẹ̀. Mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ fún mi kí ẹ tó wá.

Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ìyáàfin Adéwùmí ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé ẹ máa jẹ́ kó padà wá tí ojú iná náà bá jiná? Ẹ sọ ohun kan fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀.

*

Àpátápítì,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Èbìbí, 2025.

Màmá mi,

Mo kí yín, mo sì dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ẹ kò fèsì sí lẹ́tà mi. Bọ̀dá Gàníyù ní òun fi lé yín lọ́wọ́, àti pé ẹ kà á lójú òun, ẹ sì wọlé.

N kò ní ẹ̀tọ́ láti bá yín sọ̀rọ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹ rántí pé nígbà ìdánrawò, Àǹtí Fúnmi wò mí, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ ni." Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni nǹkan kan ta lọ́kàn. Ẹni wo ló máa ń kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀? Ìbáà ṣe gèlè mẹ́ta ni mo wé, àbúrò ni mí. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé kò sí àgbà kankan níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Tèmilọlá ń pàtẹ́wọ́, inú mi sì ń dùn pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi kò kúnlẹ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ kó parí síbẹ̀. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn kì bá tí gbé páànù gbígbóná lé e lọ́wọ́.

Mo ti sọ ọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé. Kò bá mi wí. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, "A fi àbúrò ṣe àgbà. Èmi ọmọ Yorùbá!" N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Ẹ bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ má fi í mọ sínú yàrá nítorí mi.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀.

*

Òdòjọ̀mu,
Oǹdó.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Èbìbí, 2025.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà méjèèjì. N kò dáhùn nítorí n kò mọ ohun tí ìyá ń kọ sí ọmọ tó sọ òtítọ́ fún un.

Mo fẹ́ kí wọ́n rí ìyá ọmọ yẹn ni. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Mo fúnra mi rán aṣọ náà. Mo sọ lọ́kàn mi pé, bí mo bá wọlé, Fúnmi á kúnlẹ̀, wọ́n á sì sọ pé, "Háà, ìyá yìí mà tọ́mọ o." Mo mọ̀ pé mo ti ní kí ẹ máa ṣe tiyín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé fún àwọn ẹlòmíràn ni, kì í ṣe fún èmi. Bó ṣe pariwo mọ́ mi, gbogbo wọn yíjú sí mi, n kò sì rí páànù. Àwọn tó ń sọ pé "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀" ni mo rí. Ìtìjú ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Ìyáàfin Adéwùmí yẹn kúnlẹ̀ bẹ̀ mí lórí sìmẹ́ńtì ní ọgbà ilé ìwòsàn. Ó dàgbà jù mí lọ, Ìmọ́lẹ̀! Ó ń bẹ̀ mí nítorí ohun tí ẹnu èmi dá sílẹ̀. Mo mú ọmọ mi, mo sá.

Ojú iná náà ti ń gba ara. Ti apá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jiná, ti itan ló ń fà díẹ̀. Kì í sunkún bí wọ́n bá ń pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀, ó kàn ń bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ó gbóná?"

Mo ti pinnu pé kò ní padà. Mo ti sọ fún ara mi pé ilé ni ibi tí kò ti sí ewu. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbé kẹ́tùlù omi tíì bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Oríọlá wọlé, orúnkún rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Mo fò gba kẹ́tùlù náà. Mo pariwo pé, "Má kúnlẹ̀ mọ́ láé!" Ó lọ kọjú sí ògiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, kò kúnlẹ̀ fún mi, kò kí mi, kò sì wò mí. Ó rò pé mo ti kọ òun lọ́mọ.

Mo ti ba ohun tí mo fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ jẹ́, n kò sì rí nǹkan fi dípò rẹ̀. Ìwọ ní o jẹ̀bi. Àbúrò lo jẹ́. Èmi ni ìyá. Jẹ́ kí n ru tèmi.

Bi Ọ̀gbẹ́ni yẹn léèrè ohun tí ènìyàn lè ṣe. Má sọ pé èmi ni mo ní kí o béèrè.

Ìyá rẹ.

*

Àpátápítì,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Èbìbí, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọgbà ilé ìwé, mo sì ní láti lọ fọ ojú kí n tó wọ kíláàsì.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé bí ẹ ṣe wí. Ó ní, "Ṣé ìyá yín ló rán ẹ?" Mo ní rárá o, èmi ni mo kàn ń ronú. Ó ní, "Ó dáa. Bá mi kí wọn gan-an."

Ó ní kí a má ṣe sọ "má kúnlẹ̀" fún un. Bí a bá ní kó má ṣe ohun tó mọ̀, kò ní mọ ohun tó kù tó lè ṣe, ẹ̀rù á sì bà á. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kí a sọ. Ó ní kí a máa wí pé, "Gbé e kalẹ̀ ná." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, láìyí i padà. Kó gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá kúnlẹ̀ bó ṣe wù ú. Kí ẹ wá dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, kó lè mọ̀ pé ìkíni rẹ̀ kò sọnù, ó kàn dúró díẹ̀ ni. Ife òfìfo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má fi omi gbígbóná dán an wò títí yóò fi mọ̀ ọ́n lára.

Ó tún ní èmi kò lè ṣe é, òun náà kò lè ṣe é. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ni. Ẹ̀yin ni.

Mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún. Wọ́n á rí i ládùúgbò. Ìyá Oríọlá á rí i. Bí kò bá wù yín, n kò ní tún sọ ọ́ mọ́. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó ní ilé búrẹ́dì; wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́.

Tèmilọlá béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo ni ọmọbìnrin tó máa ń kúnlẹ̀ yẹn wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi lo ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ọlọ́runfúnmi." Ó tọrọ àforíjì. Ojú tún tì mí pé n kò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ yín,
Ìmọ́lẹ̀ayọ̀.

*

Òdòjọ̀mu,
Oǹdó.
Ogúnjọ́, oṣù Òkúdù, 2025.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé o ń jẹun? Gàníyù ní o ti rù. Mo ní kó má sọ̀rọ̀ ọmọ mi bẹ́ẹ̀, òun náà kò sanra.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ife òfìfo, lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Mo jáde, mo wọlé. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ife. Mo ní, "Gbé e kalẹ̀ ná." Ó wojú mi bí ẹni tí wọ́n ń dẹ pàkúté fún. Mo tún jáde. Ẹ̀yìn mi ń ké, ṣùgbọ́n mo ń jáde, mo ń wọlé. Nígbà tó gbé ife náà kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, tó wá kúnlẹ̀, mo dá a lóhùn, "Káàárọ̀ o, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín sí mi láti Àkúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni a gbé àwo, a gbé ìkòkò òfìfo, a gbé omi tútù.

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa nínú ìjọ wá kí mi. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú wọn. N kò rán Fúnmi níṣẹ́, òun ló rí i pé ẹ̀kọ ti hó, ó fi àkísà méjì gbé ìkòkò náà bọ̀ nínú kọ̀rídọ̀. Ìyá Oríọlá dúró sí àárín ọ̀nà. Fúnmi ní, "Ó gbóná!" O mọ bó ṣe máa ń pariwo. Ìyá Oríọlá kò yẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Èmi? Ìyá Fúnmi, ẹ wá gbọ́ ọmọ yín o! Èmi ló ń lé bí ajá. Háà, Àkúrẹ́ ti ba ọmọ yìí jẹ́. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó ní náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi, bí àwọn ti ọjọ́sí ṣe yíjú sí mi. Fúnmi náà wò mí. Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ lọ sílẹ̀, tí ooru ẹ̀kọ ń fẹ́ sí i lójú. Ẹnu mi ló ń wò.

Ìmọ́lẹ̀, ojú tì mí débi tí etí mi ń hó. Mo ní, "Ìyá Oríọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ fún un. Kì í ṣe Àkúrẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Wọ́n yẹ̀. Fúnmi kọjá. Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ nínú ilé, mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó padà jáde láti wá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Oríọlá ti bínú bọ́ síta. Fúnmi tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán mà." Wọn kò dá a lóhùn. Kò dìde, ó ń retí èsì, nítorí èmi ti kọ́ ọ pé wọ́n máa ń dá a lóhùn. Èmi ni mo lọ gbé e dìde. Mo ní, "Káàsán, ọmọ mi."

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin náà fi lọ. Ìyá Oríọlá kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ojú iná rẹ̀ ti jiná. Sọ fún Ìyáàfin Adéwùmí pé n ó mú Ọlọ́runfúnmi padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé pé kí wọ́n fún un ní páànù tútù, kí wọ́n jẹ́ kí èmi wọlé bá a, kí wọ́n rí i dáadáa kí wọ́n tó gbà á láyè. Bí ó bá kúnlẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ojú ṣì ń tì mí láti wọ ibẹ̀. Jọ̀wọ́, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá yín.